Àjàyí Crowther, Lókójà, àti Àṣẹ Tó Bọ́ Lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù

Àwọn kan sọ pé ìwà àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ló tú iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ká lórí Odò Ọya. N kò gbà. Lóòótọ́, àwọn kan nínú wọn hùwà ìtìjú, àwọn mìíràn sì fi òwò mọ́ iṣẹ́ Olúwa. Ṣùgbọ́n ilé náà ti sán kí wọ́n tó dé inú rẹ̀.

Ní 29 Okúdù 1864 ni wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Henry Townsend àtàwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ti yarí pé aláwọ̀ dúdú kò ní ṣe olórí àwọn. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nárì CMS, wá ọgbọ́n sí i: Crowther yóò jẹ bíṣọ́ọ̀bù, àmọ́ àwọn òyìnbó yẹn kò ní sí lábẹ́ rẹ̀ ní ti gidi. Crowther, tí kò tilẹ̀ fẹ́ oyè náà tẹ́lẹ̀, gbà. Ní 1865, ó dá ibùdó ìjọ sílẹ̀ ní Lókójà. Ta ni yóò bá a wí? Ká ní ó kọ̀, bóyá Lókójà kò ní rí oníwàásù.

Ìgbà kejì tó gbà ló burú jù. Ní nǹkan bí 1880, CMS rán òyìnbó kan tí kì í ṣe àlùfáà, Ashcroft, láti máa mójú tó owó àti ọkọ̀ ojú-omi tí wọ́n ń pè ní Henry Venn. Bíṣọ́ọ̀bù tún gbà. Lórí Odò Ọya, ẹni tí kò láṣẹ lórí ọkọ̀ kò láṣẹ lórí ọjọ́ tí yóò bẹ ìjọ rẹ̀ wò.

Ní 1890, Wilmot Brooke àti Robinson, ọ̀dọ́ òyìnbó tó ń wọ agbádá Haúsá, dé sí Lókójà. Ní Oṣù Ògún ọdún náà, ìgbìmọ̀ ìnáwó CMS, tí àwọn méjèèjì wà nínú rẹ̀, jókòó ní Onítṣà. Wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ Crowther dúró níṣojú rẹ̀, Dandeson ọmọ rẹ̀ sì wà lára wọn. Baba tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún kúrò nínú ìgbìmọ̀. Ó kú ní 31 Ọ̀pẹ̀ 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Dandeson kò gbà bí baba rẹ̀ ti ń gbà. Ní 1892, ó kó àwọn ìjọ Delta kúrò lábẹ́ àkóso CMS, wọ́n sì ń fi owó ara wọn bọ́ àlùfáà wọn.