Ta Ló Ni Tírà Yìí? Ìtàn Ẹ̀rù Àdàkọ Láàrin Àwa Oníkéwú

Nígbàkígbà tí a bá ń kó àpilẹ̀kọ jọ fún ìwé ìròyìn yìí, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa, ìbáà ṣe àwọn ọmọ Yunifásítì tó ń gbé Àgbowó àti Bódìjà, ìbáà ṣe àwọn ọmọ ilé-kéwú wa ní Ring Road àti Challenge. Wọ́n ti kọ nǹkan sílẹ̀. Ọ̀kan kọ ìtàn, òmíràn kọ ewì Lárúbáwá, ẹlòmíràn kọ àwọn wáàsí bàbá rẹ̀ àgbà sílẹ̀ kí ó má baà parun. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n mú un wá, wọn á ní, "Àáfà, wọ́n á jí i kọ." Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ẹnìkan yóò gbé orúkọ àwọn wọ̀ bí ẹ̀wù, yóò sì máa fi sọ ohun tí àwọn kò sọ. N kò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹ̀rù náà kì í ṣe ẹ̀rù lásán, ó sì ti dàgbà ju gbogbo wa lọ. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, inú tírà kan tí àwa oníkéwú Ìbàdàn mọ̀ dáadáa ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Tírà náà ni Tafsiru Jalalaini, ìtumọ̀ Àlùkùránì tí àwọn Jalali méjì kọ. Jalaludeen al-Mahalli ló kọ́kọ́ dáwọ́ lé e ní ìlú Káírò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Súrà Kahfi títí dé òpin Àlùkùránì, ó padà sí Fátíhà, ikú sì dé bá a ní ọdún 864 lẹ́yìn Hijira (1459). Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 21 kan, Jalaludeen as-Suyuti, gbé kálàmù, ó bẹ̀rẹ̀ láti Súrà Bákárà, ó sì bá a dé òpin Súrà Isra. Ọjọ́ kìíní oṣù Ramadan ọdún 870 ló bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù Ṣàwálù ló parí àkọ́kọ rẹ̀: ogójì ọjọ́ péré. Ó tẹ̀lé ọ̀nà tí Mahalli gbà kọ ti rẹ̀ débi pé ẹni tí a kò bá sọ fún kò lè rí ojú ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀. Bí ó bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ orúkọ ara rẹ̀, òkú kò lè bá a rojọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ sí òpin Súrà Isra pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ tòun dúró sí, ó sì jẹ́wọ́ pé lára iṣẹ́ Mahalli lòun ti jàǹfààní. Òun ló fà á tí a fi ń pè é ní ti Jalali méjì títí di òní.

Ẹni tó mọyì orúkọ ẹlòmíràn báyìí kò ní fojú kékeré wo orúkọ tirẹ̀. Nígbà tí Suyuti di àgbà ọ̀mọ̀wé, ó rí i pé Ahmad al-Qastalani, onímọ̀ hádíìsì tí wọ́n jọ ń gbé Káírò, ń kó ọ̀rọ̀ inú àwọn tírà òun sínú tirẹ̀ láìdárúkọ òun. Qastalani kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Òun ló kọ Irshadu Sari tó fi túmọ̀ Sahihu Bukhari, òun náà ló kọ al-Mawahibu Laduniya lórí ìgbésí ayé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Àwọn òpìtàn ròyìn pé Suyuti gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Zakariyya al-Ansari, àgbà àwọn onímọ̀ Káírò nígbà náà. Wọ́n ní kí ó mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí tó mú wá rèé: Qastalani kọ ọ́ pé òun gba ọ̀rọ̀ kan láti ọ̀dọ̀ Bayhaki, bẹ́ẹ̀ tírà tí Bayhaki kọ pọ̀, kí ó sọ èyí tó ti rí i nínú wọn. Qastalani kò rí èsì fọ̀. Suyuti wá sọ pé inú tírà òun ló ti rí i. Òun lòun ka Bayhaki, ohun tó sì yẹ kí Qastalani kọ ni pé Suyuti ló ròyìn rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Bayhaki.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Suyuti kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má da ọ̀rọ̀ òun kọ. Ohun tó ń béèrè ni pé kí orúkọ òun má sọnù lójú ọ̀nà.

Wọ́n ní nígbà tó yá, Qastalani fẹsẹ̀ rìn láti Káírò lọ sí Rawda, erékùṣù inú odò Náìlì tí Suyuti ń gbé ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Kò wọ bàtà, kò wé láwàní. Ó kanlẹ̀kùn, wọ́n bi í pé ta ni, ó dá orúkọ ara rẹ̀, ó ní òun wá kí Suyuti lè yọ́nú sí òun. Suyuti dáhùn láti inú ilé pé òun ti yọ́nú sí i. Ṣùgbọ́n kò ṣílẹ̀kùn, wọn kò sì fojú kan ara wọn. Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà, ilẹ̀kùn tí kò ṣí yẹn ló máa ń dùn wọ́n jù.

Kò tán síbẹ̀. Suyuti tó ń pe ẹlòmíràn lólè, wọ́n pe òun náà bẹ́ẹ̀. Sakhawi, akẹ́kọ̀ọ́ Ibn Hajar, kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú ilé ìkàwé Mahmudiya ní Káírò ni Suyuti ti ń kó ìwé àwọn ará àtijọ́, tó ń yí i padà díẹ̀, tó sì ń fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Suyuti fi ìwé fèsì, ìwé náà kò sì rọ̀ rárá. Ó tún kọ tírà kékeré kan tí àkọlé rẹ̀ dá lórí ìyàtọ̀ tó wà láàrin òǹkọ̀wé àti olè. Èmi kò tó ẹni tí yóò dájọ́ láàrin irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Wọ́n bínú, wọ́n bú ara wọn, ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó tìtorí olè gbé kálàmù sílẹ̀.

Nígbà ayé wọn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da gbogbo tírà kọ. Bí ẹnìkan bá fẹ́ tírà Suyuti, àfi kí ó yá a, kí ó jókòó, kí ó dà á kọ láti Bisimilahi títí dé ìparí, tàbí kí ó sanwó fún ẹni tí yóò bá a dà á kọ. Suyuti fúnra rẹ̀ sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀, nínú ìwé tó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀, pé àwọn tírà òun ti dé ilẹ̀ Ṣáámù, Híjásì, Yẹ́mẹ̀nì, Íńdíà àti Takurúrì. Takurúrì yẹn ni orúkọ tí àwọn Lárúbáwá ń pe apá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa níbí. Àwọn tó ń gba Káírò lọ sí Haji wà lára àwọn tó gbé e dé. Bí kò bá sí àdàkọ, a kò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní Ìbàdàn láéláé.

Kí ló wá ń dáàbò bo orúkọ náà? Bí adàkọ bá parí iṣẹ́, ó máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé tó gbẹ̀yìn pé tírà lágbájá parí, lọ́wọ́ lágbájá ọmọ lágbájá, ní ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ á ka tírà sétí olùkọ́, olùkọ́ á fún un ní ìjásà, ìyẹn ìyọ̀ǹda láti fi kọ́ ẹlòmíràn, ìjásà náà á sì to orúkọ àwọn olùkọ́ léra títí kan ẹni tó ni tírà. Ẹni tó bá fẹ́ yọ orúkọ kan kúrò, ó ní láti pa gbogbo àwọn ẹlẹ́rìí yẹn lẹ́nu mọ́.

Ti ẹni tó ń gbé orúkọ olórúkọ wọ̀ tilẹ̀ burú ju ti adàkọ lọ, òun náà kì í sì í ṣe ohun tuntun. Lẹ́yìn tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ayé sílẹ̀, àwọn kan hun ọ̀rọ̀ láti inú ikùn ara wọn, wọ́n ní òun ló sọ ọ́. Ṣé jìbìtì wà tó ju ìyẹn lọ? Síbẹ̀ àwọn onímọ̀ kò torí ìyẹn dẹ́kun àtimáa gba hádíìsì sílẹ̀. Sánádì ni wọ́n dì mú: ta ló sọ fún ọ, ta ló sọ fún òun náà? Nígbà tí Imam Bukhari (ó kú ní 870) wọ ìlú Baghdad, ìtàn sọ pé àwọn onímọ̀ ibẹ̀ da orúkọ inú sánádì ọgọ́rùn-ún hádíìsì rú mọ́ ara wọn láti fi dán an wò. Mẹ́wàá mẹ́wàá ni ènìyàn mẹ́wàá kà á fún un. Ó ní òun kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́, ó sì dá orúkọ kọ̀ọ̀kan padà sídìí ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Ní ọdún 1964, àwọn ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí John Hunwick ṣáájú, dá ibùdó kan sílẹ̀ láti máa kó àwọn tírà Lárúbáwá àfọwọ́kọ jọ. Wọn kò gba tírà lọ́wọ́ onítírà. Wọ́n á yá a, wọ́n á yà á sórí fíìmù kékeré, wọ́n á sì dá a padà fún ẹni tó ni ín. Èmi mọ agbo ilé kan nílùú yìí, n kò ní dárúkọ wọn, tí wọ́n ní àpótí tírà baba ńlá wọn kò gbọdọ̀ jáde, kí àwọn onílé-kéwú mìíràn má baà sọ ọ́ di tiwọn. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí náà, ikán ti jẹ ẹ́ di ìyẹ̀pẹ̀. Kò sẹ́ni tó jí i, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìbàdàn kan náà yìí ni ilé àwọn atẹ̀wé. Oxford University Press ti dé síbí láti 1949, kí ó tó di University Press ní 1978, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì tẹ̀lé e. Bí ìwé ṣe ń pọ̀ ni àwọn oníayédèrú náà ń pọ̀. Ní Àgbowó, níwájú Yunifásítì, ẹ̀rọ fótókọ́pì lè jẹ odidi ìwé kan tán kí onítọ̀hún tó mu omi. Ní ayé kásẹ́ẹ̀tì, wáàsí tí àáfà ṣe lálẹ́ àná lè ti wà lórí àtẹ ní Dùgbẹ̀ kí ó tó pẹ́, àáfà kò sì ní rí kọ́bọ̀. Èmi ò gbà pé kò sí èrè kankan nínú ìyẹn, nítorí àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn ló sọ ọ̀pọ̀ àáfà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ṣùgbọ́n ebi kò mọ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Òfin kò sùn. Láti 1912 ni òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ yìí. Nàìjíríà ṣe tirẹ̀ ní 1970, ó ṣe òmíràn ní 1988, èyí tó wà lóde báyìí sì ni ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2023. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọjọ́ tí o bá ti kọ iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ ni ẹ̀tọ́ náà ti di tìrẹ, láìjẹ́ pé o forúkọ sílẹ̀ níbìkan. Ó wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé. Ènìyàn lè ta ẹ̀tọ́ títẹ̀ ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ pé kí a máa dárúkọ rẹ̀ kò ṣeé tà nígbà ayé rẹ̀. Ó jọ ohun tí Suyuti ń béèrè, àbí?

Ó ti kàn mí rí. Mo kọ ìwé pẹlẹbẹ kan lórí gírámà Lárúbáwá fún àwọn ọmọ kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2011 mo rí i lọ́wọ́ ọmọ kan, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lẹ́yìn rẹ̀, àní àpẹẹrẹ tí mo fi orúkọ àwọn ọmọ mi ṣe wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà. Mo mú ìwé àfọwọ́kọ mi tó ní ọjọ́ lára, mo mú àgbà méjì tí mo kà á fún nígbà tí mo kọ ọ́, a lọ bá ọkùnrin náà. Ó bẹ̀bẹ̀, ó sì fi òǹtẹ̀ orúkọ mi lu àwọn tó ṣẹ́kù. Nígbà tó wá kí mi nílé lẹ́yìn náà, èmi ṣílẹ̀kùn fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè purọ́ pé inú mi dùn. Ìwé náà ti di ìtẹ̀jáde kẹta báyìí.

Láyé fóònù yìí, wọ́n á gbé àwòrán àáfà sójú WhatsApp, wọ́n á máa fi tọrọ owó mọ́sálásí tí kò sí níbìkan. Àáfà tí ìjọ rẹ̀ mọ ohùn rẹ̀, tó sì ti sọ fún wọn nọ́ńbà kan ṣoṣo tí òun ń lò, kì í pẹ́ kí wọ́n tó pè é pé, "Àáfà, ṣé ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ yìí?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó ní iṣẹ́ fún ìtẹ̀jáde oṣù Muharram tó ń bọ̀, ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ẹ kọ orúkọ yín, orúkọ bàbá yín, àdúgbò yín àti ọjọ́ tí ẹ parí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ kan nínú tírà ẹlòmíràn, ẹ dárúkọ tírà náà. A ó fọwọ́ sí ẹ̀dà méjèèjì lójú yín, ọ̀kan á dúró lọ́dọ̀ wa, ẹ ó sì mú èkejì lọ sílé.