Alábàárù Tàbí Ọlọ́jà? Obìnrin Olórin Ráàpù ní Ilẹ̀ Yorùbá àti Ẹni Tó Ni Ohùn Rẹ̀

Ìfáàrà

Ẹni tó bá dé ọjà Mile 12 ní kùtùkùtù, tàbí tó rìn dé ọjà èso ní Ìkòsì, yóò rí ènìyàn méjì nídìí ẹrù kan náà. Ọ̀kan ni ọlọ́jà tó fi owó rẹ̀ ra tòmátì àti ọsàn. Èkejì ni alábàárù tó gbé apẹ̀rẹ̀ rù, tó ń ké “àgò!” láàárín èrò. Òógùn alábàárù lè ju ti ọlọ́jà lọ, síbẹ̀ owó iṣẹ́ nìkan ni yóò gbà lọ sílé. Èrè ọjà kì í ṣe tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ orin rí. Ẹni tí à ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò lè má ni ohùn náà. Ìtàn àwọn obìnrin tó ń kọ ráàpù ní ilẹ̀ Yorùbá, láti orí Weird MC títí dé orí Mo'Cheddah, kún fún ìjàkadì lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Kò sì lè yé ènìyàn dáadáa bí a kò bá kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wò.

Ohùn Obìnrin Ṣáájú Ráàpù

Fífi ọ̀rọ̀ ẹnu dárà kì í ṣe ohun àjèjì fún obìnrin Yorùbá. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ọmọge tó ń lọ sí ilé ọkọ a máa sun ẹkún ìyàwó. A máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, a máa dágbére fún ẹgbẹ́, a sì máa sọ ohun tó ń ba ọkàn rẹ̀ lẹ́rù. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe orin gan-an, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Àárín méjèèjì ló wà, ibẹ̀ náà sì ni ráàpù tẹ̀dó sí. Bí ó bá wá délé ọkọ tán, òun ni yóò kọ́ oríkì ilé, tí yóò sì máa fi kí àwọn ọmọ ọkọ ní òwúrọ̀.

Ẹ kíyè sí ohun kan nínú ọgbọ́n àtijọ́ yìí: ẹlòmíràn ni obìnrin ń kì. Ó ń ki ọkọ, ó ń ki ọmọ, ó ń ki ìran tí wọ́n fẹ́ ẹ sí. Ìgbà tó láǹfààní láti sọ ti ara rẹ̀ ní gbangba kò pọ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹkún sì ni wọ́n pe èyí tó sọ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí àwo orin dé, àwọn oníwákà wà lára àwọn obìnrin tó gbé ohùn wọn dé orí rẹ̀. Àlàájà Batile Àlàkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó di olóògbé ní 2013, jẹ́ aṣáájú láàárín wọn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Sàláwà Àbẹ̀ní, tí wọ́n bí ní 1961. Ní 1976, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún 15 lọ, ó gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, èyí tó fi ṣe ìrántí Ọ̀gágun Murtala Muhammed tí wọ́n pa ní oṣù Èrèlé ọdún náà. Leader Records, ilé-iṣẹ́ Lateef Adépọ̀jù, ló gbé e jáde. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ ní 1986, ilé-iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, Kollington Àyìnlá, ló bọ́ sí, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1994. Ní 1992, Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Làmídì Adéyẹmí Kẹta, fi í joyè Ọbabìnrin Wákà. Ọdún 18 ni gbogbo rẹ̀. Adé orin ti wà lórí rẹ̀, síbẹ̀ ọkùnrin ló ni ilé méjèèjì tó gbé àwo rẹ̀ jáde.

Bí Ráàpù Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ìtàn tí wọ́n sábà máa ń sọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ ráàpù ni pé DJ Kool Herc ló dá a sílẹ̀ níbi àríyá kan ní Bronx, ní ìlú New York, ní ọjọ́ 11 oṣù Ògún, 1973. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ obìnrin, Cindy Campbell, ló ṣètò àríyá náà, kí ó lè fi owó ìwọlé ra aṣọ tí yóò wọ̀ lọ sí ilé-ìwé. Ní 1979, nígbà tí “Rapper's Delight” gbé ráàpù kiri ayé, Sugar Hill Records ló gbé e jáde. Obìnrin olórin kan, Sylvia Robinson, ló sì wà nídìí ilé-iṣẹ́ náà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ obìnrin wà nínú òwò ráàpù kí aṣọ rẹ̀ tó gbó rárá. Síbẹ̀, 1988 ni MC Lyte tó gbé Lyte as a Rock jáde, tí obìnrin tó ń dá kọ ráàpù fi ní odidi àwo tirẹ̀.

Ní Nàìjíríà, wọ́n máa ń ka The Way I Feel, tí Ronnie Ekundayo gbé jáde ní 1981, mọ́ àwọn àwo ráàpù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni Junior and Pretty fi èdè pijin gbé e wọ àárín ìgboro. Nígbà tí Kennis Music fi bẹ̀rẹ̀ ní 1998, tí òkìkí àwọn ọmọkùnrin The Remedies sì ń kàn, obìnrin kan ti wà lórí pápá.

Weird MC: Ẹni Tó Da Omi Síwájú

Adéṣọlá Ìdòwú ni orúkọ obìnrin náà. Ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀pẹ, 1970, ni wọ́n bí i. Ó mọ Lọ́ńdọ̀nù, ó sì mọ Èkó. Orúkọ tó yàn fún ara rẹ̀ yẹ ní ohun tí à ń ronú sí. Weird ni ẹni tí ìṣe rẹ̀ ṣàjèjì, tí kò rí bí àwọn yòókù ti rí. Ohun tí àwọn ará àdúgbò ìbá fi bú u ni ó sọ di oyè. Kò wọ aṣọ tí wọ́n ń retí lára obìnrin olórin. Sòkòtò àti bàtà eré ìdárayá ló wọ̀, bí aṣọ náà ti wù ú ló ṣe lò ó.

Ní àárín àwọn ọdún 1990 ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ orin “Allen Avenue”, tó fi sọ ọ̀rọ̀ òpópónà Ìkẹjà tí àwọn tó fẹ́ràn fàájì òru mọ̀ dáadáa nígbà náà. Ó gbé àwo Simply Weird jáde láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn. Ọdún 2006 ni After da Storm wá dé, pẹ̀lú orin “Ijoya”. Ó ti pé ọmọ ọdún 35 nígbà náà, nínú òwò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé ti ọmọ ogún ọdún ni. Ìjó yá: gbólóhùn Yorùbá kúkúrú tí ọmọdé àti àgbà lè pè. Kò yọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lẹ́nu, kò sì fi Yorùbá ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Èdè méjèèjì dúró ní ẹgbẹ́ ara wọn bí wọ́n ti ń dúró nínú ọkọ̀ danfó tó ń ti Ọjọ́ta lọ sí Kétu.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Omi tí Weird MC dà ni pé obìnrin lè dúró níwájú èrò, kí ó ki ara rẹ̀ láìsunkún. Ráàpù kò ṣeé kọ láìyangàn. Ẹni tí kò bá lè sọ pé òun dára kò lè kọ ọ́. Ohun tí oríkì máa ń fi fún ìdílé, ráàpù ní kí olórin fi fún ara rẹ̀. Fún obìnrin tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé ẹlòmíràn ni kí ó máa kì, ìyípadà ńlá nìyí.

Sasha P àti Mo'Cheddah

Ní 2006 kan náà ni Anthonia Yétúndé Àlàbí, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Sasha P, gbé First Lady jáde lábẹ́ Storm Records. Ó ti wà pẹ̀lú àwọn ọmọ Trybe eLDee ṣáájú. Ó mú ráàpù obìnrin wọ aṣọ ẹ̀yẹ, orin rẹ̀ “Adara” sì mú ìrètí bá ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́. Nígbà tó yá, ó yí sí iṣẹ́ aṣọ, níbi tí orúkọ ilé-iṣẹ́ ti jẹ́ tirẹ̀.

Modúpẹ́-Oreolúwa Ọlá, ìyẹn Mo'Cheddah, ló wá sọ ọ̀rọ̀ ilé tirẹ̀ di ohun tí a lè fojú rí nínú orin. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1990. Knighthouse ni ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde, “If You Want Me” àti “Ko Ma Roll” sì sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká. Ní 2010, nígbà tó pé ọmọ ogún ọdún, àwo rẹ̀ Franchise Celebrity jáde. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà, nígbà tí MTV Africa Music Awards wáyé ní Èkó, òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn olórin tuntun.

Ní 2012, ó kúrò ní Knighthouse, ó sì dá Cheddah Music sílẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, òun ni olórin, òun náà sì ni ọ̀gá. Ọwọ́ ara ẹni ni à ń fi tún ìwà ara ẹni ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà a máa rẹ ènìyàn. Owó sitúdíò, owó fídíò, owó àwọn tó ń lù, owó àtigbé orin dé rédíò: gbogbo èyí tí ilé-iṣẹ́ ń san tẹ́lẹ̀, orí ọlọ́jà ló bọ́ sí. Bí orin kò bá tà, kò sí ẹni tí yóò pín gbèsè náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìwé Àdéhùn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òfin ló gba orin lọ́wọ́ olórin. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ tí Nàìjíríà ṣe ní 1988 kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ gba orin sílẹ̀ ni kí a kà sí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ lórí rẹ̀, àyàfi bí àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Òfin yìí ló wà ní gbogbo àkókò tí a ń sọ yìí, kí òfin 2022 tó rọ́pò rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ọlọ́jà ni ọmọbìnrin olórin nígbà tó wọ sitúdíò. Ọwọ́ tó fi tọ́ sí ìwé ló lè sọ ọ́ di alábàárù. Ọmọ ọdún 15 tàbí 18 tí ojú ń kán láti gbé orin jáde kì í sábà rí gbólóhùn kékeré tí wọ́n fi “àyàfi” bẹ̀rẹ̀.

Ọdún Kan Náà, Ọ̀nà Méjì

Ní 2012 yẹn ni Ọlámidé náà kúrò ní Coded Tunes, tó sì dá YBNL sílẹ̀. DaGrin, tó kú ní oṣù Igbe 2010, ti fi àwo C.E.O. rẹ̀ ti 2009 la ọ̀nà fún ráàpù Yorùbá ìgboro. Ọlámidé tẹ ọ̀nà náà, YBNL sì di ilé ńlá tó ń gbé àwọn olórin mìíràn jáde. Cheddah Music kò tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bùn olórin rẹ̀ kò kéré.

A kò gbọdọ̀ di gbogbo rẹ̀ lé obìnrin jíjẹ́ lórí. Oríire àti ìfẹ́ èrò ní ipa tiwọn. Síbẹ̀, ìgboro tó gbé ráàpù Yorùbá ga jẹ́ ibi tí ọmọkùnrin ti lè dúró di òru kí ó sì di gbajúmọ̀. Ọmọbìnrin tó bá dúró níbẹ̀ di ọ̀ràn ẹnu àdúgbò. Bí ọkùnrin bá yangàn, wọ́n a ní akọni ni. Bí obìnrin bá sọ ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n a ní aláṣejù ni. Ìdájọ́ yìí ń jẹ obìnrin lówó, nítorí ìyangàn ni ọjà tí olórin ráàpù ń tà.

Àgbálọgbábọ̀

Íntánẹ́ẹ̀tì ti ṣí ilẹ̀kùn kan. Lónìí, ọmọbìnrin ní Ìkòsì lè gba orin sílẹ̀ nínú yàrá, kí ó sì fi fóònù gbé e síta kí ilẹ̀ tó mọ́, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kankan. Kì í ṣe èyí ni Sàláwà Àbẹ̀ní bá láyé ní 1976. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí orin náà bá fò, ìwé àdéhùn yóò dé, ẹni tó gbé e wá yóò sì máa rẹ́rìn-ín.

Àwọn obìnrin wọ̀nyí ti kọ́ ọmọbìnrin Yorùbá láti ki ara rẹ̀. Ohun tó kù ni kí ó mọ̀ pé ẹni tó bá ki ara rẹ̀ tán yẹ kó lè ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó sì béèrè ohun tí “àyàfi” túmọ̀ sí kí ó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.