Aṣọ Oko Kò Sí Nínú Fọ́tò

Bí ènìyàn bá wọ pálọ̀ ilé àgbẹ̀ ní Akanran, tàbí ní Èjìòkú, tàbí ní Oníduǹdú, kí ó tó rí àga tí yóò fi ìdí lé, ojú rẹ̀ yóò ti bá àwọn fọ́tò tí wọ́n fi ìṣó kọ́ sókè nítòsí àjà, tí wọ́n tẹ orí síwájú díẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlejò tó wọlé. Bàbá onílé yóò wà níbẹ̀ nínú agbádá, ìyá ilé yóò wà níbẹ̀ nínú ìró àti bùbá, ẹni tó lọ sí Mẹ́kà yóò ti wé láwàní. Mo ti wọ irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá iye tí mo lè kà, n kò sì tíì rí ẹyọ kan nínú èyí tí bàbá onílé gbé wọ aṣọ oko. Ọkùnrin tó fi ogójì ọdún kọ ebè, tó ṣán igbó, tó gbin kókó títí ọwọ́ rẹ̀ fi le bí èèpo igi, fọ́tò rẹ̀ kò ní àdá, kò ní ọkọ́, ẹrẹ̀ kò sì sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà tí òwe náà fi yin àgbà yìí gan-an ni àgbà kò jẹ́ kí kámẹ́rà rí.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin fún ẹni tó bá mọ bí Ìbàdàn Mesíọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, ṣe to ara rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ní ilé nígboro, ó sì ní abúlé lóko. Ì báà lo àádọ́ta ọdún ní Badéku, kí ó bímọ síbẹ̀, kí ó rí ọmọ-ọmọ níbẹ̀, bí ẹ bá bi í léèrè ilé rẹ̀, agboolé kan ní Òkè Ọ̀fà tàbí ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni yóò dárúkọ, yóò ní oko lòun wá níhìn-ín. Ilé ni ọdún ti ń bá a, ilé ni ìyàwó ti ń wọlé fún un, ilé ni wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ lọ láyé ìjelòó. Oko ni oúnjẹ ti ń wá, ṣùgbọ́n ilé ni iyì wà, èébú sì ni “ará oko” lẹ́nu ọmọ ìgboro. Ta ni yóò wá fi owó ara rẹ̀ ra èébú, kí ó fi gíláàsì bò ó, kí ó sì gbé e kọ́ sí pálọ̀?

Iṣẹ́ fọ́tò kì í ṣe ọmọ àná. Ọdún 1839 ni wọ́n kéde rẹ̀ fún aráyé ní ilẹ̀ Faransé, tó fi jẹ́ pé nígbà tí Ìbàdàn tú Ìjàyè, ìlú Kúrunmí, ká ní 1862, kámẹ́rà ti lo ọdún 23 lókè eèpẹ̀. Etíkun ló kọ́kọ́ gbé. Neils Walwin Holm, ayàwòrán tó wá láti Àkírà, ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ l'Ékòó ní 1896. Ní 1901 ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn, nígbà tó sì di 1907 ó ti gba Lálúpọn kọjá dé Òṣogbo. Kókó àti ẹkùrọ́ ni ó ń kó lọ; iyọ̀, páànù, àwo tánganran, àti nígbà tó yá, àpótí kámẹ́rà, ni ó ń kó bọ̀.

Àsìkò kókó ni ayàwòrán ń wọ oko. Láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí ọdún tuntun, bí owó kókó bá ti bọ́ sọ́wọ́, aláṣọ yóò dé, onílù yóò dé, ọkùnrin orí kẹ̀kẹ́ tó fi rọ́bà so àpótí mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì bá wọn dé. Èyí tí mo mọ̀ ní kékeré, ní abúlé wa lójú ọ̀nà Akanran, ga ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí igi ọdán ni àwa ọmọdé ti máa ń sáré pàdé rẹ̀. Ara ògiri ilé baálẹ̀ ni ó ń kan aṣọ rẹ̀ mọ́, aṣọ tí wọ́n kun òdòdó àti àtẹ̀gùn òkúta sí, àtẹ̀gùn tí kò lọ síbì kankan, nítorí ilé amọ̀ onípáànù ni gbogbo abúlé náà, kò sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo níbẹ̀. Nínú àpótí rẹ̀, yàtọ̀ sí kámẹ́rà, bàtà aláwọ dúdú kan wà, àti aago ọwọ́ kan tí kò ṣiṣẹ́, àti agbòòrùn kan. Bàtà kan yìí ni gbogbo ọkùnrin abúlé fi ń ya fọ́tò. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tóbi jù ú lọ yóò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò sì fi agbádá bò ó. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kéré yóò fi àkísà ki iwájú rẹ̀. A kò wá lè sọ pé àkísà kò wọ fọ́tò rárá nígbà náà, àfi pé inú bàtà ló wà.

Lẹ́yìn náà ni ìjókòó. Ẹ̀yìn yóò nà gbọọrọ, itan yóò yà, ọwọ́ méjèèjì yóò wà lórí orúnkún, agbádá yóò bo àga títí a kò ní rí ẹsẹ̀ àga mọ́, ojú méjèèjì yóò sì kọjú sí kámẹ́rà. Wọn kì í rẹ́rìn-ín. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹni tó bá sì ń yọ eyín fún àlejò tí kò mọ̀ rí ti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣeré. “Bàbá, ẹ má mira o! Ẹ má sẹ́jú!” Fíìmù 120 tí ayàwòrán náà ń lò kò gbà ju fọ́tò 12 lọ, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan péré ló kan olúkúlùkù; ẹni tó bá sẹ́jú, ó di àsìkò kókó mìíràn.

Iṣẹ́ gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ kù lẹ́yìn nígbà náà. Lójú ọ̀sán ni ọkùnrin náà ń gbé nẹ́gẹ́tíìfù kọ ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, tí yóò mú pẹ́ńsùlù tó ti gbẹ́ ṣómúṣómú. Nínú nẹ́gẹ́tíìfù, dúdú ni funfun, funfun ni dúdú, nítorí náà ibi tí pẹ́ńsùlù bá ti fọwọ́ bà ni yóò mọ́lẹ̀ sí i lórí bébà. Bí ó ṣe ń pa ìhunjọ rẹ́ nìyẹn, tó ń pa àpá ooju rẹ́, tó ń gbé abẹ́ ojú tó ti jìn wálẹ̀ sókè padà. Bí ó bá sì fẹ́ kí nǹkan dúdú, abẹ ni yóò fi họ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ráhùn pé kámẹ́rà kò gbé ilà àbàjà òun yọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń tún un là fún un, ó di olóólà kejì. Lóru ni yóò wá fi ẹní dí fèrèsé, tí yóò fi aṣọ pupa wé àtùpà, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ pupa kì í ba bébà fọ́tò jẹ́. Mo ráyè wọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí èmi ni mo pọn omi fún un. Ó ki bébà funfun bọ inú abọ́, ó ń mì í jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ṣan ẹ̀fọ́, mo sì rí i tí fìlà baálẹ̀ kọ́kọ́ yọ, tí irùngbọ̀n yọ, tí baálẹ̀ fúnra rẹ̀ wá jókòó wọ̀ǹtìwọ̀nti sínú omi. Mo sá jáde.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá gbọ́ tí àgbà ń wí pé àwọn ọmọ ìwòyí ló fi fóònù sọ fọ́tò di irọ́, ẹ̀rín ni mo ń rín. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó wá wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Yorùbá ní Ìlá Ọ̀ràngún ní 1975, bá ohun tó jinlẹ̀ ju gbogbo fílítà lọ níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìjẹ́ pé wọ́n ti ya wọ́n pọ̀, èyí tó kù ni wọ́n ń yà, tí wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó tira wọn bí ó ti yẹ. Bí ó bá jẹ́ pé akọ ni ọ̀kan, tí èkejì jẹ́ abo, èyí tó wà láyé yóò wọ aṣọ ọkùnrin fún ẹ̀ẹ̀kan, yóò sì wọ aṣọ obìnrin fún ẹ̀ẹ̀kan. Ère ìbejì ni wọ́n ń gbẹ́ tẹ́lẹ̀. Fọ́tò wá gba ipò rẹ̀. Irọ́ ni ẹni tí kò bímọ yóò pè é.

Ẹnì kan wà tó yí kámẹ́rà sí ibòmíràn. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí kì í ṣe Yorùbá, ra kámẹ́rà Brownie kan ní 1950, ó sì gba iṣẹ́ ní 1954 ní yàrá òkùnkùn ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba n'Íbàdàn. Ìgbà tó ti dé Èkó ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì, láti 1968, ó sì yà á títí ó fi sún mọ́ 1000 fọ́tò, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ẹ̀yìn orí. Ṣùkú, kòlẹ́sẹ̀, pàtẹ́wọ́, ohun tí obìnrin ń dì tó ń tú, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, ni ó jókòó tì bí ẹni jókòó ti ọba.

Irú ojú bẹ́ẹ̀ kò dé oko wa. Ní 1968 àti 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Akanran àti Ẹgbẹ́dá àti Ìjàyè yarí lórí owó orí, tí Tafa Adéoyè ń ṣáájú ẹgbẹ́ wọn, Àgbẹ́kọ̀yà, títí ìjọba fi gbà láti sọ owó náà di £2, aṣọ oko àti aṣọ ọdẹ ni wọ́n fi jà. Mo ti bẹ àwọn ilé kan wò tí wọ́n sọ fún mi pé bàbá àwọn wà nínú rẹ̀. Mo wo ògiri. Agbádá ni.

Fíìmù aláwọ̀ mèremère wá dé, ó sì pa yàrá òkùnkùn abúlé, nítorí ẹ̀rọ ńlá ìgboro nìkan ló lè fọ̀ ọ́. Ó tún ṣe wá ní ohun mìíràn. Àwọ̀ òyìnbó ni Kodak fi díwọ̀n fíìmù rẹ̀. Obìnrin funfun ló wà lórí káàdì ìdíwọ̀n náà, tí wọ́n ń pè ní káàdì Shirley. Ìdí nìyẹn tí ojú dúdú fi máa ń jáde bí òkùnkùn tó ní eyín. Lára àwọn tí ìráhùn wọn jẹ́ kí Kodak tún un ṣe ni àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi, tí wọ́n ní àwọ̀ ọjà àwọn kò hàn. Kókó rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà kí ojú ẹni tó gbìn ín tó rí tirẹ̀ gbà. Bí mo bá rántí rẹ̀, n kì í mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni.

Ní 2001 ni fóònù alágbèéká GSM dé ilẹ̀ yìí. Àwọn tó kọ́kọ́ dé kò ní kámẹ́rà, àwọn tó tẹ̀lé wọn ní èyí tó rí bàìbàì, títí ilé iṣẹ́ Transsion ti ilẹ̀ Ṣáínà, tó ń ṣe Tecno àti itel àti Infinix, fi ojú aláwọ̀ dúdú díwọ̀n kámẹ́rà tirẹ̀, tó sì tà á ní owó tí ọmọ àgbẹ̀ lè tu jọ. Pẹ́ńsùlù ayàwòrán wá di Snapchat àti PicsArt, aṣọ alátẹ̀gùn rẹ̀ di ohun tí ìka ń fà wọlé láti inú àápù. Láti 2017 tí WhatsApp ti fi fọ́tò sí státọ́ọ̀sì, tó ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, ojoojúmọ́ ni a ní láti ya òmíràn, àgbẹ̀ kò sì lè wọ agbádá lójoojúmọ́. Báyìí ni aṣọ oko ṣe yọ́ wọ fọ́tò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

Obìnrin kan tó ń din gàrí ní ẹ̀bá Móníyà, tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, ń ya gàrí rẹ̀ láràárọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà ní ọjà Bódìjà. Èéfín wà níbẹ̀, igbá wà níbẹ̀, òógùn ojú rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń mú kí fọ́tò mọ́lẹ̀, títí ọjọ́ tí oníbàárà kan fi pè é pé, “Ìyá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, gàrí tó wà nínú fóònù yín ni kí ẹ gbé wá o, èyí tí ẹ gbé wá yìí kọ́ ni mo rí.” Láti ọjọ́ náà, ojú ara rẹ̀ nìkan ló ń tún ṣe.

N kò sọ pé ayé fóònù sàn. Tèmi já sínú kànga ní ọdún kan, fọ́tò ọdún mẹ́ta bá a lọ. Ti bàbá mi wà lára ògiri síbẹ̀, ikán jẹ etí rẹ̀ kan, kò sì tíì dé ojú.

Láìpẹ́ yìí mo ya ilé bàbá arúgbó kan ní abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó wálé fún ìsinmi, ti yà á bí ó ti ń ti oko bọ̀, àdá ní èjìká, bàtà rọ́bà títí dé orúnkún, ẹ̀gẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀. Ó fi hàn án. Bàbá wò ó títí.

“Ta lo ti fi èyí hàn?”

“Ó ti wà ní státọ́ọ̀sì, Bàbá. Gbogbo wọn ló ń kí yín.”

“Ará oko ni wọ́n ń kí. Pa á rẹ́.”

Ó dìde, ó lọ fọ ẹsẹ̀, ó pẹ́ nínú yàrá, ó sì jáde nínú agbádá sányán. Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó yọ ẹ̀rín kúrò lójú. Ọmọ náà yà á. Bàbá gba fóònù, ó fà á sún mọ́ ojú, ó sì fi ọwọ́ òsì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀.

“Ilà mi dà?”

Fílítà ti jẹ ẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà nínú fóònù ń dán bí ìdí ìkòkò epo. Ọmọ náà bẹ̀bẹ̀, ó pa fílítà náà, ó tún un yà. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ilà náà lórí gíláàsì, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ṣùgbọ́n bí ìka rẹ̀ ti ń kan gíláàsì, bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò náà ń fẹ̀ sí i, títí ó fi ku ilà kan ṣoṣo ní gbogbo ojú fóònù, tó nà bí poro oko.