Ìrẹsì Tí Kò Já Bọ́
Ọ̀pọ̀ wa gbà pé Éṣíà ni gbogbo ìrẹsì ti wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lé ní 2,000 ọdún tí àwọn àgbẹ̀ etí Odò Ọya, ní Mali òde òní, ti ń gbin ìrẹsì Áfíríkà.

Ìrẹsì igbó máa ń gbọn hóró rẹ̀ dànù bó bá gbó. Nígbà tí àbùdá àwọn kan yí padà, hóró wọn dúró lórí ṣírí. Àwọn yìí ló ń bá olùkórè délé, àwọn ni wọ́n sì ń gbìn lọ́dọọdún.

Lónìí, ìrẹsì Éṣíà ń lé ti Áfíríkà kúrò lóko, torí ó ń so jù ú lọ. Bó bá parun, ẹ̀rí ọgbọ́n àwọn baba ńlá wa ló parun. Ẹ jẹ́ ká máa gbìn ín.