Ta Ni Aṣẹ̀dá Orin? Ìhun àti Ohun-Èlò Nínú ‘A Whiter Shade of Pale’

Ìfáàrà
Bí a bá ń sọ̀rọ̀ aṣẹ̀dá orin, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ àti ẹni tó fi ohùn sí i ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàgbéyẹ̀wò orin rọ́ọ̀kì pẹ̀lẹ́ kan tó mú kí ilé-ẹjọ́ bèèrè bóyá atẹdùùrù náà jẹ́ aṣẹ̀dá. Ẹgbẹ́ Procol Harum ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1967. Ọ̀sẹ̀ 6 ló fi wà ní ipò kìíní níbẹ̀.

Ìhun àti Ohun-Èlò
Keith Reid ló kọ ọ̀rọ̀ orin náà. Gary Brooker fi ohùn sí i, òun ló sì kọ ọ́ tó tún tẹ píánò. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ti orí àkàsọ̀ bọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe Johann Sebastian Bach (1685–1750), olórin ilẹ̀ Jámánì. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni Matthew Fisher, tó dé lẹ́yìn tí orin ti wà, gbé ohùn dùùrù Hammond lé. Báà 8 ló fi ṣí orin náà, ohùn náà sì ń padà wá láàrin àwọn ẹsẹ. Ohùn dùùrù a máa gùn níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ bá wà lórí rẹ̀; ti píánò a máa kú lọ díẹ̀díẹ̀. Àjọṣe méjèèjì yìí, pẹ̀lú ìlù jẹ́jẹ́ tí Bill Eyden lù, ló mú kí orin náà dà bí àlá. David Knights ta gìtá béèsì, Ray Royer sì ta gìtá.

Ẹjọ́
Reid àti Brooker nìkan ni a kọ orúkọ wọn gẹ́gẹ́ bí aṣẹ̀dá. Ní ọdún 2005, Fisher pẹjọ́. Àwíjàre Brooker ni pé orin ti pé kí Fisher tó dé. Ní ọdún 2006, Ilé-ẹjọ́ Gíga dájọ́ pé ohùn dùùrù náà dá yàtọ̀ sí ohun tí Brooker ti ṣẹ̀dá lórí píánò, ó sì fún Fisher ní ìdá 40 nínú 100 ẹ̀tọ́ orí ohùn orin náà. Ní ọdún 2008, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn gbà pé aṣẹ̀dá ni, ṣùgbọ́n ó fi owó dù ú nítorí pé ó pẹ́ kó tó pẹjọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2009, Ilé Ìgbìmọ̀ Àwọn Lọ́ọ̀dù dá ìpín rẹ̀ padà. Owó tó wọlé ṣáájú ìpẹ̀jọ́ kò kàn án.

Àgbálọgbábọ̀
Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹjọ́ yìí fi hàn pé ohun-èlò kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán lára orin. Ó lè jẹ́ ara ìṣẹ̀dá rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, ó yẹ kí òpìtàn orin wádìí ẹni tó dá ohùn ohun-èlò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kó má fi mọ sí orúkọ tó wà lára àwo.