Ọ̀ṣọ́ Ilé Láàárín Àwọn Yorùbá: Láti Orí Àfọ́kù Ìkòkò dé Orí Sìmẹ́ǹtì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá ní ni à ń náání, ọmọ aṣẹ́gità a sì máa náání èèpo igi. Bí a bá fi ojú inú wo ìtàn bí àwọn Yorùbá ti ń ṣe ilé wọn lọ́ṣọ̀ọ́, a óò rí i pé òwe yìí gan-an ni òpó tí ìtàn náà rọ̀ mọ́. Lóde òní, bí ènìyàn bá fẹ́ tún ilé rẹ̀ ṣe kí ó wu ojú, ọjà ni ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ: ọ̀dà, táìlì, aṣọ fèrèsé, àga onítìmùtìmù. Bí kò bá sí owó, a gbà pé kò sí ọ̀ṣọ́ nìyẹn. Ìtàn kò fara mọ́ èrò yìí. Láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni àwọn baba àti ìyá ńlá wa ti ń fi àfọ́kù ìkòkò, amọ̀, èédú àti ẹfun ṣe ilé tí ojú kì í fẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ti ṣe é, kí a sì mọ ohun tí ó ń bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ilẹ̀ Ilé

Ilé-Ifẹ̀ ni ẹ̀rí tí ó pẹ́ jù nípa ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ sí. Láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400, àwọn ará Ifẹ̀ a máa fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá àti ojúbọ. Wọn kì í tẹ́ àfọ́kù náà gbalaja bí ẹni tẹ́ ẹní. Ńṣe ni wọ́n ń tò wọ́n ní ìdúró, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n á rì wọ́n mọ́ inú amọ̀ tútù títí tí etí wọn nìkan yóò fi yọ sókè. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Àfọ́kù tí a tẹ́ gbalaja yóò tún fọ́ bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà ní ìdúró lè gba ẹrù, omi òjò a sì máa ṣàn lórí rẹ̀ láìdi ẹrẹ̀.

Nínú títò yìí náà ni ẹwà ti ń jáde. Ìlà kan á dagun sí ọ̀tún, èyí tí ó tẹ̀ lé e á dagun sí òsì, títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi rí bí egungun ẹja. Ní ibòmíràn, wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun la àárín àfọ́kù pupa náà, kí àwọ̀ méjèèjì lè máa bá ara wọn ṣeré. Nígbà tí Peter Garlake wa ilẹ̀ Ọbalárá àti ilẹ̀ Wóyè Àṣírí ní Ifẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, irú ilẹ̀ títẹ́ báyìí wà lára ohun tí ó bá lábẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n ṣì dúró bí wọ́n ti tò wọ́n.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu so iṣẹ́ yìí mọ́ orúkọ Lúwòó, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni ní Ifẹ̀. Wọ́n ní kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀ bí òun bá jáde, ni ó bá pàṣẹ pé kí wọ́n fi àfọ́kù tẹ́ ojú ọ̀nà ìlú. Bí ìtàn yìí bá tilẹ̀ ní àsọdùn díẹ̀ nínú, ohun tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà kò ní àríyànjiyàn. Ààtàn ni ibùgbé àfọ́kù. Ìkòkò a máa fọ́ ní ilé olówó, a sì máa fọ́ ní ilé tálákà. Ohun tí ìlú mìíràn ń dà nù ni Ifẹ̀ ṣà jọ tí ó fi tẹ́ àgbàlá. Ohun tí ó wọ́n nínú rẹ̀ ni sùúrù ẹni tí ó jókòó ti àfọ́kù, tí ó ń yan èyí tí ó bá ara wọn mu, tí ó sì ń tò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ògiri Ilé

Bí a bá gbé ojú sókè kúrò nílẹ̀, ògiri ni ó kàn. Ilé alámọ̀ ni ilé Yorùbá, ọkùnrin ni ó sì máa ń po amọ̀ tí ó ń mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá ti gbẹ tán, ọwọ́ obìnrin ni ó bọ́ sí. Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, jẹ́ kí ó yé wa pé obìnrin ni ó sábà máa ń fi ilẹ̀ dúdú tàbí ilẹ̀ pupa pa ara ògiri títí yóò fi máa dán.

Iṣẹ́ pípa ilé yìí ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Wọ́n á po ẹlẹ́bọ́tọ mọ́ omi, wọ́n á fi èédú lílọ̀ tàbí omi ewé sí i bí wọ́n bá fẹ́ kí ó dúdú, wọ́n á sì fi ọwọ́ pa á mọ́ ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ògiri. Àwọn mìíràn a máa rẹ èèpo èso igi irúgbá sínú omi, wọ́n á sì wọ́n omi náà sí ilẹ̀ kí ó lè le koránkorán. Ilẹ̀ tí a bá pa báyìí kì í rú eruku, kì í sì í tètè sán. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. A ní láti máa tún un ṣe. Nítorí náà, bí àlejò bá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó rí i pé ilẹ̀ ń dán, ó ti mọ irú ìyàwó tí ó wà nínú ilé náà kí ẹnikẹ́ni tó kí i káàbọ̀.

Iṣẹ́ náà ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ojúbọ òrìṣà. Ní ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ni ó ń ya àwòrán sí ara ògiri nígbà ọdún òrìṣà náà. Àwọ̀ mẹ́ta tí Yorùbá mọ̀ ni wọ́n ń lò: funfun, pupa àti dúdú. Inú ilẹ̀ àti ìdí ààrò ni irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá, nítorí ẹfun a máa fún ni ní funfun, ilẹ̀ pupa a máa fún ni ní pupa, èédú a sì máa fún ni ní dúdú. Bí ọdún bá tún yí po, wọ́n á kun ògiri náà lọ́tun, wọ́n á sì ya òmíràn sí i. Àwòrán èṣí ti wà lábẹ́ ti ọdún yìí, kò sì sí ẹni tí yóò tún rí i mọ́. Ohun tí wọ́n ń pa mọ́ ni ìmọ̀ bí a ti ń yà á, orí ènìyàn ni wọ́n sì ń pa á mọ́ sí. Láti ọwọ́ àgbà obìnrin ni ó ti ń bọ́ sí ọwọ́ ọ̀dọ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan tètè rí ewu tí ó wà níbẹ̀. Moyọ̀ Òkédìjí àti Bọ́lájí Campbell wà lára àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní Ifẹ̀ tí wọ́n fi ara balẹ̀ kọ́ nípa iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀ ní 1989, ẹgbẹ́ tí ó mú ọgbọ́n ìyàwòrán Yorùbá wọ inú iṣẹ́ ọnà ti òde òní. Ní 2008, Campbell tẹ odidi ìwé kan jáde lórí àwòrán ara ògiri ojúbọ.

Òpó àti Ilẹ̀kùn

Kì í ṣe pé kò sí ọ̀ṣọ́ olówó ńlá ní ayé àtijọ́. Òpó fífín àti ilẹ̀kùn fífín jẹ́ ti ọba àti ìjòyè. Ní ìhà Èkìtì ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ti fín òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín nǹkan bí 1910 sí 1914. Ní Ọ̀sì, ní ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Kwara lónìí, Aréògún fi iṣẹ́ rẹ̀ sí ara ilẹ̀kùn àti òpó títí tí ó fi kú ní 1954. Ẹni tí yóò bẹ irú àwọn agbẹ́gilére wọ̀nyí níṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi bọ́ wọn fún ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tí wọ́n gbé ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ náà lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá ní London ní 1924, àwọn òyìnbó fẹ́ rà á. Ọba kò tà á lówó. Ìtẹ́ kan tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn náà sì ti wà ní ilé ìṣura British Museum láti ìgbà náà. Ọ̀rọ̀ ńlá ni èyí. Ọ̀ṣọ́ tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ti bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ilé, ọ̀ṣọ́ tí a ṣe ní òkèèrè sì ti ń wọlé gba ipò rẹ̀.

Àwọn Àgùdà àti Sìmẹ́ǹtì

Síbẹ̀, gbogbo ohun tí ó ti òkèèrè wá kọ́ ni ó pa iṣẹ́ ọwọ́ run. Láti àwọn ọdún 1830, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Adúláwọ̀ dì ní Bahia ní 1835, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì àti Kúbà bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ káfíńtà, bíríkìlà àti aránṣọ. Ní Pópó Àgùdà ní Èkó, wọ́n kọ́ ilé tí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ lókè bí òṣùmàrè, tí òdòdó àti ewé tí a fi sìmẹ́ǹtì mọ sì yí i ká. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá bíríkìlà wọn, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894.

Àwọn ọmọṣẹ́ tí wọ́n kọ́ lọ́dọ̀ wọn ni ó gbé ọgbọ́n náà lọ sí ìlú òkè. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Bí ó ti ń lọ ni sìmẹ́ǹtì àti páànù ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí owó kòkó wọlé, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gba ìgboro ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn, Ìlẹ̀ṣà àti Òṣogbo. Bí a bá wo ọ̀pọ̀ nínú wọn dáadáa, a óò rí i pé amọ̀ ni ògiri, sìmẹ́ǹtì tín-ín-rín ni wọ́n sì fi bò ó. Bíríkìlà á gé pákó sí ìrísí tí ó fẹ́, á fi wọ́ ara sìmẹ́ǹtì tútù, ìlà tí ó gún régé á sì jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ ògiri dé òpin rẹ̀. Òdòdó kan tí ó bá gbẹ́ sí ara bátànì igi lè di ogún òdòdó kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn kan tilẹ̀ fi sìmẹ́ǹtì mọ kìnnìún sí òkè ilé. Agbẹ̀ tí kò lè bẹ agbẹ́gilére níṣẹ́ ọdún mẹ́rin lè fi àpò sìmẹ́ǹtì mélòó kan ṣe ojú ilé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ bí ti ìjòyè.

Ohun tí ó ń Bọ́ Lọ́wọ́ Wa

Púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyí ni ó ti ń lọ báyìí. Ilé Àgùdà kan wà ní Èkó tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí wọ́n ń pè ní Casa do Fernandez tàbí Ilojo Bar. Ìjọba ti fi òǹtẹ̀ lù ú láti 1956 pé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ni, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Ilé tí ó ti lé ní ọgọ́jọ ọdún di òkìtì àlàpà, ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sì níye lórí lójú àwọn kan ju gbogbo ọgbọ́n tí ó wà lára ògiri rẹ̀ lọ.

Ti ilé tí ó wó ṣì sàn díẹ̀, nítorí a lè rí fọ́tò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ bí a ti ń pa ilé, bí a ti ń po ẹfun kí ó lè mọ́ ògiri, bí a ti ń to àfọ́kù tí kò fi ní yẹ̀, kò ní fọ́tò. Bí ìyá àgbà kan tí ó mọ̀ ọ́n bá lọ láìfi kọ́ ẹnìkan, ó ti gbé e lọ nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò di olùkọ́ lọ́la lè rí irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní agboolé tirẹ̀ bí ó bá lọ sílé ní ìsinmi. Kí ó jókòó tì í, kí ó béèrè, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá sì di olùkọ́ ní abúlé tí ògiri kíláàsì rẹ̀ kò ní ọ̀dà, kí ó kó àwọn ọmọ jáde lọ wa ilẹ̀ pupa. Ilẹ̀ pupa kò tíì tán ní ilẹ̀ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni èédú kò wọ́n. Àwọn tí ó mọ bí a ti ń pò wọ́n ni ó ń dín kù.