Ìtàn Àwọn Ìletò Etí Ọ̀sà Ìjẹ̀bú

Ìlú tí ó ní yàrà ní ẹlẹ́rìí. Duarte Pacheco Pereira, ará Pọ́túgà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1505 pé yàrà ńlá yí ìlú Ìjẹ̀bú ká. Erédò Súngbọ́, tí ó gùn tó 160 kìlómítà, sì wà nínú igbó wa títí di òní. Ṣùgbọ́n àwọn ìletò etí ọ̀sà kò ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Òpó igi, imọ̀ ọ̀pẹ àti amọ̀ ni àwọn baba wọn fi kọ́ ilé, nǹkan wọ̀nyí kì í sì í pẹ́ jẹrà.

Ẹ wo Ẹ̀jìnrìn. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní 1901, ọjà ńlá ni ọjà yìí. Àwọn oníṣòwò Èkó a máa fi ọkọ̀ ojú omi kó iyọ̀ àti aṣọ wá. Epo pupa àti èkùrọ́ a máa ti òkè wá. Àwọn Ìjẹ̀bú a sì dúró láàrin, nítorí wọn kì í fẹ́ kí àlejò kọjá. Ọ̀ràn ọ̀nà yìí ni ó fa ogun. Ní oṣù karùn-ún 1892 àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n jà ní odò Yemọ̀jí ní ọjọ́ 19, ní ọjọ́ kejì wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde, ní ayé Awùjalẹ̀ Túnwàṣe. Àwọn ìwé kò gbàgbé èyí. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ orúkọ èbúté kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, àti ti ìdílé tí ó ni ín? Ta ni ó bi àwọn ìyá tí ń gba oníṣòwò sílé bí ilẹ̀ bá ṣú?

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, ibẹ̀ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí. Ó padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá a lọ; bẹ́ẹ̀ ni Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́ ṣe wà lórí ilẹ̀ kan, olúkúlùkù pẹ̀lú ọba tirẹ̀ àti ìtàn tirẹ̀. Òǹkọ̀wé a máa fẹ́ pa méjèèjì pọ̀ kí ó lè dùn ún kà. Àwa kò fara mọ́ èyí. Kí a kọ ti ìhín, kí a kọ ti ọ̀hún, kí a sì fi orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ sí i.

Láti 1967, tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ni Ẹ̀jìnrìn àti Ẹ̀pẹ́ ti wà ní ìhà kan ààlà, tí Ìjẹ̀bú-Òde sì wà ní ìhà kejì. (Ìbátan kò mọ ààlà, ṣùgbọ́n ìwé ìjọba mọ̀ ọ́n.) Kí àwa tí ó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde má ṣe dúró de ìjọba kankan. Kí a wo àwọn ìwé ìrìbọmi àtijọ́, bóyá a ó rí orúkọ òbí àti ti abúlé níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí a tọ àwọn àgbà lọ, kí a sì kọ́kọ́ bi àwọn obìnrin, nítorí àwọn ni wọ́n mọ ọjà.

Ohun tí a bá kọ, kí a má ṣe fi í sí ojú kan. Samuel Johnson parí ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, ó sì sọnù síbẹ̀. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù tún un kọ, kí a tó tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Nítorí náà, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ìletò tí ó ni ìtàn, kí ọ̀kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí a sì fi ìkẹta ránṣẹ́ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn.